Òmù ara ọ̀pẹ kì í ṣe àfòmọ́

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa tí òmù bò láti ìdí títí dé ibi tí imọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àlejò kì í jókòó sábẹ́ rẹ̀ kó má wòkè, kó má sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Ẹ ò ní gé àfòmọ́ yìí kúrò ni? Á fa omi ara ọ̀pẹ yìí gbẹ o." Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá mi gbé àdá dání wá fúnra wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná." Nígbà tí a jẹun tán, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ lásán fa ìdí òmù kan yọ, èyí tí ọwọ́ tó, kí a lè jọ wo ohun tó so ó mọ́ ọ̀pẹ.

Ó yọ wọ́rọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ rí wúruwùru bí irun, ó sì di ilẹ̀ dúdú mú. Ibi tó ti yọ lára ọ̀pẹ, kò sí ihò, kò sí oje tó ń ṣẹ̀, kò sí àpá. Òmù ní egbò nísàlẹ̀, ọ̀pẹ kò ní egbò lára.

A ṣáà ń pa á lówe pé àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ni í bá tan. Àwọn tó pa òwe yẹn mọ igi jù wá lọ. Ohun tí a bá fà tó fa gbòǹgbò tirẹ̀ jáde, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

Àfòmọ́ gidi, orí kòkó, obì àti ọsàn ni kí ẹ ti lọ wò ó. Ẹyẹ ló ń gbìn ín. Á jẹ èso rẹ̀, kóró inú rẹ̀ sì ń lẹ̀ bí àtè, á lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹyẹ tàbí kó bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde sórí ẹ̀ka. Bó bá hù, kì í wá ilẹ̀ lọ. Ṣe ló ń lu èèpo igi wọlé títí yóò fi kan ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa mu. Èyí ni àgbẹ̀ kòkó ń bá jà, ó sì tọ́ kí wọ́n gé e tòun ti ẹ̀ka tó gùn lé. Ọ̀pẹ ni àfòmọ́ kì í sábà rí ṣe. Ọ̀pẹ, àgbọn, àgbàdo àti koríko, ìran kan ni wọ́n. Ọ̀nà omi inú wọn fọ́n káàkiri inú ìtí, kò tò sábẹ́ èèpo bíi ti kòkó.

Òmù, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Nephrolepis biserrata, kò ní ohun tó lè fi lu igi rárá. Ibi tí a bá ti gé imọ̀ ọ̀pẹ, kùkùté imọ̀ náà á ṣẹ́ kù sára ìtí bí àpò. Inú àpò yẹn ni eruku, ìgbẹ́ ẹyẹ, òdòdó akọ tó ti rẹ̀ àti ewé jíjẹrà ń kó sí. Òjò á rọ̀ sí i, á di ilẹ̀. Ilẹ̀ òkè yẹn ni òmù ń jẹ. Ewé rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń se oúnjẹ ara rẹ̀. Ayálégbé tó ń dáná fúnra rẹ̀ ni.

Kí ló wá dé tí ọ̀pẹ tí òmù bò fi sábà máa ń jẹ́ èyí tí kì í so dáadáa? Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ohun tí àwọn àgbà rí kì í ṣe irọ́. Wọ́n rí òmù, wọ́n rí ọ̀pẹ tí kò so, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ohun tí ojú wọn fò ni ibòji. Gbangba oòrùn ni ọ̀pẹ ń fẹ́. Tí a bá pa oko tì, tí igi ńlá ga bò ó, òdòdó akọ ni yóò máa yọ ṣáá, òdòdó abo tó ń di ìdì ẹyìn yóò sì dín kù. Òmù ní tirẹ̀, ibòji àti ọ̀rinrin ló ń wá kiri. Ohun tó ń ni ọ̀pẹ lára gan-an ló ń tu òmù lára. Ẹni tó gé òmù, tó fi igi tó ṣíji bo ọ̀pẹ sílẹ̀, ó dà bí ẹni tó rí ewú lórí arúgbó, tó ní ewú ló sọ ọ́ di arúgbó, tó wá lọ gbé abẹ.

Àwọn onímọ̀ kan tiẹ̀ dán an wò nínú oko ọ̀pẹ ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2015. Wọ́n pín oko sí abala hẹ́kítà 4 kọ̀ọ̀kan. Níbì kan, wọ́n gé gbogbo ewéko ara ọ̀pẹ. Níbòmíràn, wọn ò fọwọ́ kàn án. Oríṣi ewéko 58 ni wọ́n bá lára àwọn ọ̀pẹ wọ̀nyẹn. Wọ́n wo ẹyìn lẹ́yìn oṣù 2, wọ́n tún wò ó lẹ́yìn oṣù 16. Gígé yẹn kò mú ẹyìn pọ̀ sí i.

N kò ní kí akọpẹ má gé e o. Ẹni tó fi igbà gun ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ rí ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀, ejò àti àkeekèé sì lè fara pa mọ́ sínú òmù. Ìdí tiwọn nìyẹn, ó sì tó. Ọdán náà wà tí ó yẹ ká máa ṣọ́. Ẹyẹ máa ń sọ kóró rẹ̀ sínú àpò imọ̀ kan náà. Òun náà kì í mu oje ọ̀pẹ, àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ á sọ̀kalẹ̀ dé ilẹ̀, á nípọn, á dì mọ́ra wọn títí yóò fi há ọ̀pẹ mọ́. Ẹ fà á tu nígbà tó ṣì kéré. Wọn ò jọra: ewé òmù gùn, ó ya wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì bí òòyà, ti ọdán ń dán, bí a bá já a, oje funfun á jáde.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tí mo bá rí ẹni tó gé òmù dànù lẹ́yìnkùlé, tó sì lọ ra ìbátan rẹ̀ nínú ìkòkò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Boston fern tí wọ́n ń tà káàkiri ayé, ọmọ ìyá òmù wa ni. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, ní 1894. Tiwa ti mọ òjò àti ọyẹ́ ilẹ̀ yìí látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ibi tí koríko kò ti fẹ́ hù nítorí ibòji ni kí ẹ gbìn ín sí: abẹ́ máńgòrò, ẹ̀gbẹ́ kànga, ìdí ògiri tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé. Òmù máa ń na okùn tín-ín-rín jáde, ọmọ tuntun á sì hù lórí okùn yẹn. Àwọn ọmọ yẹn ni kí ẹ yọ, ó sàn kó jẹ́ lára ọ̀pẹ tó ti wó, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Èmi máa ń po ewé jíjẹrà àti ìtí ọ̀pẹ tó ti rà mọ́ ilẹ̀. Ẹ má rì í jù. Ibi tí ewé kíká ti ń yọ gbọ́dọ̀ wà lókè, bó bá wọlẹ̀, á rà. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò bá a lára mu. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ewé ti jó. Ewé kan lè gùn ju mítà kan lọ, nítorí náà ẹ fún un láyè. Nígbà ọyẹ́, ewé á pọ́n, á gbẹ, ẹ ó rò pé ó ti kú. Ẹ gé èyí tó gbẹ, ẹ máa bomi rin ín, ẹ dúró de òjò. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò mọ ààlà. Tèmi ti wọ inú ebè ata.

Àbúrò bàbá mi mú ìdí mẹ́ta lọ sílé lọ́jọ́ náà, nínú lọ́rà. Lóṣù tó kọjá, wọ́n pè mí.

"Òmù tó o fún mi ti kó kòkòrò. Ẹ̀yìn ewé rẹ̀ kún fún ẹyin."

Mo bi wọ́n bóyá àmì róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ ni, tó tò létí àwọn ewé wẹ́wẹ́ náà lápá méjèèjì. Wọ́n ní òun ni. Mo ní kòkòrò wo ló ní irú sùúrù yẹn, tí yóò to ẹyin bí ọmọ iléèwé lórí ìlà? Òmù kì í yọ òdòdó, kì í so èso. Inú àwọn àmì yẹn ni ohun tó fi ń bímọ wà, ó kúnná bí àtíkè. Kí wọ́n gé ewé kan, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí bébà funfun mọ́jú, wọ́n á rí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fín oògùn sí i o."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Mo ti fín in láàárọ̀."