Òòfà kọ́ la fi ń mọ ọ̀bẹ tó dáa

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp wa ní Iléṣà: pé ẹni tó fẹ́ ra ọ̀bẹ ńlá tí yóò gbé wọ igbó lọ sùn, kó kọ́kọ́ fi òòfà kàn án, tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, ayédèrú ni, kì í ṣe ojúlówó irin tí kì í dípẹtà. Ẹ̀yin ará, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí èyí dá ọ̀bẹ gidi padà.

Irin tí kì í dípẹtà kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ síbí àti abọ́ ní nickel, irú irin mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn, nínú, òòfà kì í sábà mú un, ṣùgbọ́n ó rọ̀. Bí wọ́n bá fi ṣe ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ á tètè kú. Irin tí iná lè mú le ni wọ́n sábà fi ń ṣe ọ̀bẹ igbó, òòfà sì máa ń fa irú irin bẹ́ẹ̀. Àdá tí a fi ń ṣánko gan-an ńkọ́? Ṣé òòfà kì í mú un ni?

Mo yọ òòfà lára spíkà àtijọ́, mo gbé e dé ìsọ̀ kan ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Ó lẹ̀ típẹ́ mọ́ gbogbo ọ̀bẹ tó wà níbẹ̀, ó sì ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára síbí.

Èèkù ni kí ẹ yẹ̀ wò. Kí irin náà gba inú rẹ̀ kọjá dé ìdí, kí ẹ máa rí etí rẹ̀ láàárín igi méjèèjì tí wọ́n fi ṣe èèkù. Tí ìrù irin, ìyẹn apá tó wọnú èèkù, bá kúrú, tí ẹ bá fi la igi ìdáná, ọrùn èèkù ló ti máa kán.