Iná nìkan kọ́ ló ń sọ òkúta di irin o

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ọjọ́ ti pẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ irin Ajaokuta bá ti délẹ̀ níbi tá a bá jókòó sí ní Òṣogbo níbí, ẹnì kan á ṣáà sọ pé òkúta irin kún Itakpe ní ìpínlẹ̀ Kogi, kí wọ́n kó o sínú iná, irin á máa ṣàn jáde. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ Stíìlì Rólìn tiwa níbí nígbà yẹn. Rárá o. Wọn ò yọ́ òkúta níbẹ̀ rí, irin tí wọ́n ti ṣe tán ní ilé iṣẹ́ irin Aladja, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni wọ́n ń kó wá, wọ́n á mú un gbóná, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ gùn di rọ́ọ̀dù.

Ẹ wò ó, òkúta Itakpe, nínú tọ́ọ̀nù 100, irin inú ẹ̀ ò ju bíi 36 lọ, yanrìn ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Tẹ́ ẹ bá kó o bẹ́ẹ̀ sínú iná, yanrìn lẹ máa fi èédú yín yọ́, ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó yọ́, lẹ máa kó jáde ní òkìtì-òkìtì. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ sí Itakpe fúnra ẹ̀ nìyẹn, wọ́n á fọ́ òkúta náà, wọ́n á lọ̀ ọ́ títí irin á fi tú kúrò lára yanrìn, ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà, tí ò bá kúnná tó kò ní ṣeé yà, tó bá sì kúnná jù omi á gbá tirin-tiyanrìn lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ya èyí tó wúwo, wọ́n á tún fi mágínẹ́ẹ̀tì fà á. Irin inú èyí tó máa lọ sí Ajaokuta gbọ́dọ̀ tó 63 sí 64 nínú 100. Ti Aladja le jù, bíi 67, torí gáàsì ni wọ́n ṣètò pé kí wọ́n máa fi lé ọ́síjìn tó so mọ́ irin nínú òkúta kúrò níbẹ̀, irin ò sì ní yọ́ nígbà yẹn, ìdọ̀tí tó bá bá a wọlé á bá a jáde ni.

Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Òyìnbó kan kọ ohun tó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1904: wọ́n á sun òkúta náà, wọ́n á gún un lódó, wọ́n á fi omi ṣàn án, kó tó dé ìléru rárá.

Tí wọ́n bá tún ní Ajaokuta fẹ́ tanná, èmi ò ní bèèrè iná. Ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta ní Itakpe ńkọ́, ṣó ń ṣiṣẹ́?