Irọ́ ni pé Arch náà ni Manjaro

Ọ̀rọ̀ kan ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwọn ọmọ wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kubwa àti Wuse: “Arch náà ni Manjaro, wọ́n kàn mú un rọrùn láti gbé sórí ẹ̀rọ ni.” Oríṣi Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Lóòótọ́, ara Arch, tí Judd Vinet ọmọ Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ni wọ́n ti fa Manjaro yọ ní 2011. Ṣùgbọ́n àká ètò (ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa ètò wá) tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni Manjaro ń lò. Ohun tí Arch bá gbé jáde lónìí, ẹ̀ka unstable ló máa kọ́kọ́ dé, á gba testing kọjá, kó tó kan stable tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà lórí rẹ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Arch tòní ni wọ́n kọ àwọn nǹkan inú AUR, àká tí àwọn tó ń lo Arch ń kó ètò tiwọn sí, fún. Bí èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín bá ti pẹ́ jù, wọ́n lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹ má sì lọ bá àwọn ará Arch o; wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Arch nìkan làwọn ń dáhùn fún.

Bó bá jẹ́ Arch lẹ fẹ́, EndeavourOS, oríṣi Linux mìíràn, sún mọ́ ọn jù: inú àká Arch fúnra rẹ̀ ló ti ń mú ètò, ó kàn fi díẹ̀ tirẹ̀ kún un. Láti 2021 ni Arch alára sì ti ń kó archinstall, ètò tó ń bá èèyàn gbé e sórí ẹ̀rọ, pọ̀ mọ́ ISO rẹ̀, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé e sórí ẹ̀rọ. Ẹ ṣáà ra dátà sílẹ̀, nítorí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń jẹ ẹ́.