Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ sítáǹpù Àbújá yìí

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́ o. Ọmọ tí wọ́n bí l'Ákùúrẹ́ níbí, tó ka yunifásítì FUTA níbí, tó ṣègbéyàwó níbí, tó bá wá fẹ́ lọ bá ọkọ ẹ̀ ní Ítálì, àfi kó gbé gbogbo pépà ẹ̀ lọ Àbújá. Sátífíkéètì iléèwé á kọ́kọ́ dé Ministry of Education, ó di Ministry of Foreign Affairs kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní sítáǹpù, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan ẹ́ḿbásì. Owó mọ́tò ńkọ́, ìbẹ̀rù ojú ọ̀nà láti Ọ̀wọ̀ títí dé Lọ́kọ́ja ńkọ́, ibi téèyàn máa sùn ńkọ́, ẹ ò tíì sanwó ìjọba o.

Bẹ́ẹ̀ sítáǹpù yẹn gan-an ò ní kí irọ́ inú ìwé di òótọ́. Sáìnì ló ń jẹ́rìí sí. Ẹ́ḿbásì ò mọ ẹni tó sáìnì bátì sátífíkéètì fún wa l'Ákùúrẹ́, ọ̀gá tó wà l'Ábùújá ló mọ̀, ìyẹn náà ni wọ́n fi ń ní ká wá.

Láti 1961 ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Hague tí wọ́n ń pè ní Apostille, sítáǹpù kan ṣoṣo, ó parí, kò sí pé ẹ́ḿbásì tún máa tẹ̀ ẹ́. Orílẹ̀-èdè tó wà níbẹ̀ ti lé ní 120. South Africa wà níbẹ̀, Senegal wà níbẹ̀, Rwanda wà níbẹ̀, China wọlé ní 2023, Kánádà wọlé ní 2024. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀! Kí ló dé? Mo mọ̀ pé ìwé Olúwọlé, ìyẹn ayédèrú ìwé, ti bà wá lórúkọ jẹ́, orílẹ̀-èdè tó bá wù sì lè láwọn ò gba tiwa, àdéhùn yẹn fàyè gbà á, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọlé ná, ẹni tó bá gbà wá á gbà wá.

Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kò pọn dandan kó jẹ́ ọ́fíìsì kan. L'Ámẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ ìwé tiẹ̀. Kí ló wá ní kí wọ́n má lè ṣe é ní Alágbàka, níbi táwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà l'Ákùúrẹ́, fún gbogbo ará Oǹdó? Ẹ̀yin aṣojú wa, iṣẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ gbé dìde nìyí, ẹ jọ̀ọ́.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ má lámínéètì ìwé yín o. Ibo ni wọ́n fẹ́ tẹ sítáǹpù sí lórí ọ̀rá?