Ẹ Tún Fẹ́ Jẹ́ Kó Lọ Lọ́fẹ̀ẹ́

Oṣù Kẹfà 2025 ti ń parí lọ, àwọn ọ̀gá ikọ̀ họ́kì wa, Toronto Maple Leafs, ò tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ 1 oṣù Keje 2025, ọjà á ṣí. Gbogbo eléré họ́kì orí yìnyín tí àdéhùn rẹ̀ tán nínú líìgì NHL, tó sì ti dàgbà tó láti dá ara rẹ̀ tà, á gba ibi tó wù ú lọ, ikọ̀ tó fi sílẹ̀ ò sì ní rí nǹkan kan gbà. Mitch Marner, eléré wa, wà nínú wọn. John Tavares náà wà níbẹ̀. Inú ń bí mi gidi gan-an, mi ò sì ní fi bò.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan lẹ̀ ń wò, ẹ rántí bí Kylian Mbappé ṣe kúrò ní Paris ní 2024, tó bọ́ sí Real Madrid, tí Madrid ò san kọ́bọ̀ fún Paris lórí rẹ̀. Irú ẹ̀ ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí wa yìí, àmọ́ tiwa le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú họ́kì, wọn kì í fi owó ra eléré lọ́wọ́ ara wọn. Eléré ni wọ́n fi ń pààrọ̀ eléré, tàbí ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ mú ọ̀dọ́ lọ́jọ́ dráfíìtì, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ikọ̀ ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Tí èèyàn ńlá bá lọ lọ́fẹ̀ẹ́, o ò lè kàn kó owó síta kí o ra ẹlòmíì dípò rẹ̀ bó ṣe wù ọ́, torí gbèdéke wà lórí owó tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè san fún àwọn eléré rẹ̀. Dọ́là mílíọ̀nù 88 ni gbèdéke náà ní sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tán yìí. Ní sáà tó ń bọ̀, á di mílíọ̀nù 95.5. Ẹni tó bá mọ ọjà ná nìkan ló ń rí ọjà rà lábẹ́ irú òfin yìí.

Mi ò bá Marner jà o. Ọmọ Markham ni, ẹ̀gbẹ́ Toronto níbí. 2015 ni wọ́n mú un ní dráfíìtì, òun ni ìkẹrin. Sáà yìí nìkan, góòlù 27 ló jẹ, ó tún gbé 75 sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti jẹ, àròpọ̀ 102. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Brampton, nọ́ńbà 16 ló máa ń wọ̀ káàkiri ilé; nígbà tó bi mí bóyá Marner á dúró, mi ò rí èsì fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso ló yẹ kí èsì náà ti wá, àwọn ni mo sì ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ náà láti orísun. Ní 2019, wọ́n fún Marner ní àdéhùn ọdún mẹ́fà, dọ́là mílíọ̀nù 10.903 lọ́dún kan. Wọ́n kọ ìlà kan sínú rẹ̀: bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2023, ẹnikẹ́ni ò lè rán an lọ síkọ̀ mìíràn àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Àwọn ni wọ́n kọ ọ́, àwọn ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ikọ̀ yìí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà.

Kí wá ni wọ́n ṣe bí ọjọ́ yẹn ṣe ń sún mọ́lé? Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n lé Kyle Dubas, ọ̀gá tó ń mú eléré wá tó sì ń fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀. Nígbà tí oṣù náà fi máa parí, wọ́n ti gba Brad Treliving sípò rẹ̀. Oṣù kan péré ló kù kí ilẹ̀kùn tì! Florida ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eré márùn-ún lé wa dànù nínú ìdíje Stanley Cup, níbi tí ikọ̀ méjì ti ń pàdé títí ọ̀kan á fi borí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú eré méje. Bí èèyàn bá fẹ́ pààrọ̀ Marner fún ohun gidi, kó gba eléré ẹ̀yìn tó lágbára àti ọ̀dọ́ méjì, oṣù Kẹfà 2023 ni àsìkò rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ kó dúró pẹ́, ìgbà yẹn náà ló yẹ kí ìjíròrò bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ṣe ọ̀kankan. Oṣù Kẹfà lọ. Ilẹ̀kùn tì.

Ọdún kan kọjá. Boston tún nà wá ní eré keje ní oṣù Karùn-ún 2024. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún yẹn, òfin gbà pé kí wọ́n bá Marner tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun. Sáà bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Kérésìmesì dé, kò sí. Ìgbà tó di oṣù Kẹta 2025 tí àkókò pàṣípààrọ̀ ń parí lọ ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti lọ bi í bóyá á gbà kí wọ́n fi òun pààrọ̀ Mikko Rantanen tó wà ní Carolina. Ó ní òun ò lọ. Ṣé a wá lè bínú sí i? Ẹ̀tọ́ tí àwọn fúnra wọn fi bíró kọ fún un ló lò.

Ẹ wo Rantanen yẹn náà, kẹ́ ẹ lè rí bí àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn ṣe ń ṣe é. Ọdún kan náà ni àdéhùn tirẹ̀ ń tán. Colorado rí i pé ọ̀rọ̀ owó ò fẹ́ wọ̀, ní oṣù Kìíní wọ́n ti rán an lọ sí Carolina, wọ́n sì gba Martin Necas àti Jack Drury pẹ̀lú ẹ̀tọ́ dráfíìtì. Carolina bá a sọ̀rọ̀ títí, wọ́n rí i pé kò ní dúró lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ò jókòó máa gbàdúrà. Ní oṣù Kẹta, wọ́n fún Dallas, wọ́n gba ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Logan Stankoven, ẹ̀tọ́ dráfíìtì ipele àkọ́kọ́ méjì àti ti ipele kẹta méjì. Òótọ́ ni pé Rantanen padà wá fi góòlù mẹ́ta lé Colorado jáde ní eré keje, ó sì dun àwọn ará Denver dọ́kàn. Síbẹ̀, Necas wà lọ́wọ́ wọn. Boston pàápàá, tí a ò kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn, nígbà tí àdéhùn Brad Marchand ń tán lọ, balógun wọn ni o, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Florida, wọ́n gba ẹ̀tọ́ dráfíìtì dípò rẹ̀. Ìyá alátà kì í wo tòmátì rẹ̀ níran títí yóò fi jẹrà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á dín owó rẹ̀ kù, á tà á. Tiwa nìkan ló ń jẹrà lórí àtẹ.

Ohun tó tún ń dùn mí jù ni pé àwọn gan-an ti jẹ irú èrè yìí rí. Báwo ni Tavares ṣe dé Toronto? Ní 2018, New York Islanders fi í sílẹ̀ títí àdéhùn rẹ̀ fi tán, wọ́n gbà pé kò ní lọ. Ọjọ́ 1 oṣù Keje, ó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wa, ọdún méje, mílíọ̀nù 11 lọ́dún. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ nígbà èwe síta, tó ń sùn lábẹ́ aṣọ ìbùsùn Leafs, gbogbo wa sì ń yọ̀. Islanders ò rí nǹkan kan. A rí i bí wọ́n ṣe sunkún! Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, a ṣe bíi tiwọn: Zach Hyman lọ sí Edmonton ní 2021, a ò rí nǹkan kan gbà, ó sì jẹ góòlù 54 níbẹ̀ ní sáà 2023 sí 2024. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ wà nínú ìyẹn, ta ló kọ́ ọ?

Àwọn kan á sọ pé wọ́n pa á mọ́ kí wọ́n lè fi í gbé ife ni. Ife wo? 1967 la gbé Stanley Cup kẹ́yìn. Ní àsìkò Marner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, eré keje ti 2018, 2019, 2021, 2022, 2024, gbogbo rẹ̀ la pàdánù. Ní oṣù tó kọjá, Florida Panthers nà wá 6-1 ní eré karùn-ún, wọ́n tún nà wá 6-1 ní eré keje, nínú ilé wa ní Scotiabank Arena méjèèjì. Àwọn olùwòran bọ́ ẹ̀wù ikọ̀ wọn lọ́rùn, wọ́n jù ú sórí yìnyín. Mo mọ̀ iye tí àwọn ẹbí ń san kí wọ́n tó jókòó níbẹ̀, mi ò bá ẹni tó ju ẹ̀wù wí. Florida yẹn náà ló gbé ife ní ọjọ́ 17 oṣù yìí, ìkejì léra. Àdéhùn Marchand, ti Sam Bennett àti ti Aaron Ekblad ń tán níbẹ̀ náà. Àmọ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tilẹ̀ lọ lọ́la, ife ti wà nílé.

Ó wá ku ọjọ́ díẹ̀. Kí ni wọ́n lè ṣe báyìí? Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wọn lórí Marner: àwọn nìkan ni òfin gbà láyè láti fún un ní ọdún mẹ́jọ, níbòmíì, méje ni ó pọ̀ jù. Kí wọ́n fi ọdún kan yẹn ṣòwò. Kí wọ́n bi í ibi tó fẹ́ lọ, kí wọ́n tọwọ́ bọ ọdún mẹ́jọ níbí, kí wọ́n rán an lọ, kí ikọ̀ náà sì fún wa ní eléré kan, bó ti wù kó kéré mọ. Ìyẹn sàn ju òfo lọ.

Tavares ti di ẹni ọdún 34, ó sì jẹ góòlù 38. Ó gbé ipò balógun fún Auston Matthews láìjà láìta. Tó bá gba owó tó kéré sí ìdajì ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó dúró, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pẹ́.

Matthew Knies ló ń dẹ́rù bà mí. Ọmọ ọdún 22 ni, góòlù 29 ló jẹ. Àdéhùn tirẹ̀ náà ń tán. Torí pé ó ṣì kéré, ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ikọ̀ míì lè gbé owó ńlá síwájú rẹ̀, kí a wá ní ọjọ́ méje láti san iye kan náà tàbí kí a jẹ́ kó lọ. Kò tíì pé ọdún kan tí St. Louis ṣe é fún Edmonton: ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé ìwé síwájú Philip Broberg àti Dylan Holloway, Edmonton ò rí owó náà san, àwọn méjèèjì sì lọ. Owó Marner àti Tavares tó ń kúrò nílẹ̀ ju mílíọ̀nù 21 lọ. Kí ló dé tí ìwé Knies ò tíì tẹ́ sórí tábìlì? Kí ni wọ́n ń dúró dè?

Brendan Shanahan, ààrẹ ikọ̀ náà, ti lọ ní oṣù tó kọjá lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Treliving ló kù, ojú rẹ̀ ni a ó sì máa wò. Àdéhùn Matthews, mílíọ̀nù 13.25 lọ́dún, á tán ní 2028. Ọjọ́ 1 oṣù Keje 2027 ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá a tọwọ́ bọ òmíràn. Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tèmi. Ṣé Treliving náà ti kọ ọ́?