Ọṣẹ tó ń hó kọ́ ló ń bọ́ àbàwọ́n ìjókòó ọkọ̀

Bí nǹkan bá ti dà sórí aṣọ ìjókòó ọkọ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré ṣe ni kí wọ́n po ọṣẹ títí yóò fi hó yèè, kí wọ́n dà á lé e, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó kíkankíkan. Wọ́n gbà pé bó bá ṣe ń hó tó ló ṣe máa mọ́ tó. Irọ́ ni.

Ọṣẹ díẹ̀ ti tó láti tú ìdọ̀tí kúrò lára òwú. Èyí tó bá pọ̀ jù, níbo ló fẹ́ gbà lọ? Ẹ̀wù ṣeé ṣàn nínú omi mẹ́ta, ìjókòó ọkọ̀ ò ṣeé ṣàn. Ọṣẹ á gbẹ síbẹ̀, eruku á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ibi tí wọ́n fọ̀ jù fi máa ń tètè dọ̀tí ju ibi tí wọn ò fọwọ́ kàn.

Ti omi ló wá burú jù. Fóòmù ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn, ó sì ń mumi. Àbàwọ́n tí ẹ rò pé ó ti lọ, inú fóòmù lẹ tì í sí. Òkè ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i, torí náà omi ìsàlẹ̀ á máa gòkè bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, á sì gbé àbàwọ́n náà dání. Omi á gbẹ, àbàwọ́n á kù sókè. Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí i tó ti padà dé, nígbà míì pẹ̀lú àmì róbótó tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ni wọ́n á bá ní àbàwọ́n náà lágídí, wọ́n á tún bu omi sí i! Kí fóòmù tó tutù wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa fún ọjọ́ kan sí méjì, ebu lè hù níbẹ̀, òórùn á sì tẹ̀ lé e. Ká má tíì sọ ti wáyà tó máa ń wà lábẹ́ ìjókòó.

Aṣọ funfun gbígbẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́, láti etí wá sáàárín. Ẹ má gbo ó. Lẹ́yìn náà, ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sómi, ẹ ti aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fún un dáadáa, kẹ́ ẹ tún máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sómi lásán nu ọṣẹ náà kúrò, ẹ fi gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀.

Bó bá ṣì padà, ẹ fi omi díẹ̀ rẹ ojú rẹ̀, ẹ ká tówẹ̀lì gbígbẹ lé e, kẹ́ ẹ gbé nǹkan tó wúwo lé tówẹ̀lì náà di àárọ̀. Omi tó ń gòkè á gbé àbàwọ́n wọnú tówẹ̀lì.

Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀ o. Omi gbígbóná á sè é mọ́ òwú ni. Bílíìṣì ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Àwọ̀ aṣọ gan-an ló máa bọ́.