Àtúnṣe: ìtọ́jú ìlera kì í ṣe ọ̀fẹ́ ní Swítsàlandì

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé ará Amẹ́ríkà tó bá ti kó lọ sí Swítsàlandì ti bọ́ lọ́wọ́ owó ìlera àti wàhálà owó orí Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí lè kó ẹni tó bá gbà á gbọ́ sí gbèsè.

Láàárín oṣù 3 tí èèyàn bá débẹ̀, dandan ni kó ra adójútòfò ìlera lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Kálukú nínú ẹbí ló ní tirẹ̀, títí kan ọmọ jòjòló. Àgbàlagbà á tún fi owó ara rẹ̀ san, ó kéré tán, faransi (owó Swítsàlandì) 300 àkọ́kọ́ lọ́dún kí ilé-iṣẹ́ náà tó dá sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú àpótí lẹ́tà rẹ̀ ni ìwé owó dókítà á bá a.

Ti owó orí ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń gbé níbẹ̀ kì í jẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní kọ́bọ̀, torí wọ́n máa ń yọ owó orí tí wọ́n ti san ní Swítsàlandì kúrò nínú ti Amẹ́ríkà. Àmọ́ fọ́ọ̀mù owó orí ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń kọ lọ́dọọdún, ò yẹ̀ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá ti tó iye tí òfin là sílẹ̀. Bí owó rẹ̀ ní báńkì òkèèrè bá sì ju dọ́là 10,000 lọ, kódà fún ọjọ́ kan péré, fọ́ọ̀mù mìíràn tún wà tó gbọ́dọ̀ kọ sí ìjọba Amẹ́ríkà.